Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Bàbá Nìkan Mọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọ́máàtì kọ̀ǹpútà Bàbá, wákàtí kan àbọ̀ ni mo fi ṣe é. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀bẹ̀.

Ìyànà Ọ̀fà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, láàrin ẹni tó ń ta páànù àti ìyá alákàrà. Queen Cinema ní Dùgbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ọmọ ọdún méjìdínlógún ti lè tú láptọ́ọ̀pù palẹ̀, kó sì tún un tò kí ẹni tó ni ín tó mu omi inú ọ̀rá kan tán. Fọ́máàtì ló ń gbé oúnjẹ wọlé jù nínú iṣẹ́ wa. Kọ̀ǹpútà á máa lọ́ra, fáírọ́ọ̀sì á ti wọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e wá, èmi á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, màá sì fi Windows tuntun sí i. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi èèyàn kí n tó bẹ̀rẹ̀: "Níbo ni fọ́tò yín wà?" Tíṣà á ní ó wà lórí Desktop, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbéèrè ìdánwò táàmù kejì. Pásítọ̀ á ní inú Documents ni. Màá kó o sórí fúláàṣì, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ẹni tó bá ń dáko mọ̀ pé ọ̀nà méjì la fi ń bá oko tí koríko ti bò jà. A lè ro ó, ká máa fa èyí tí a kò fẹ́ tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A sì lè ṣán an, ká dáná sun ún, ká tún ebè kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fọ́máàtì ni ìkejì yìí. Ó yá, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń mọ́ jù. Àmọ́ àgbẹ̀ tó bá fi èbù iṣu pamọ́ sábẹ́ koríko, tó wá ṣáná sí i láì kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò, ta ni yóò bá wí?

Oṣù January 2021 ni Bàbá gun ọ̀kadà wá bá mi láti abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà. Inú àpò ìrẹsì ni wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù sí, ThinkPad dúdú kan, tòkunbọ̀, tí wọ́n ṣe ní 2012. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, èyí tí Microsoft ti pa tì láti January 14, 2020.

"Ẹnjinía," wọ́n ní, "ó ń pẹ́ kó tó jíṣẹ́ fún mi."

"Kí ló ń pẹ́, Bàbá?"

"Kọ̀ǹpútà yìí ni. Wọ́n á ti sọ̀rọ̀ tán lọ́hùn-ún. Kí èyí tó sọ fún mi pé báyìí ni wọ́n wí, àkókò tó yẹ kí n fèsì á ti kọjá."

Mo wojú wọn. Mo ní bóyá ogbó ti ń bá wọn ṣeré. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi, níbo ni fọ́tò wọn wà. Wọ́n ní àwọn kò ní fọ́tò kankan níbẹ̀. Inú mi dùn. Kò sí fọ́tò, kò sí wàhálà. Mo wo Desktop, ó mọ́ féú. Mo wo Documents, lẹ́tà méjì péré ló wà níbẹ̀, mo dà wọ́n kọ. Mo ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, mo sì ṣáná sí oko.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Bàbá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, nítorí èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

P&T tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe wọn, kí wọ́n tó yọ iléeṣẹ́ tẹlifóònù NITEL jáde lára rẹ̀ ní 1985. Wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sídìí kòkó àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n wáyà kò kúrò lọ́kàn wọn. Rédíò kan wà ní yàrá kékeré tó kángun sí ilé ìdáná wọn tí kì í ṣe rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Èyí ń gbọ́, ó sì ń sọ. Rédíò àmátọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín o. Níbòmíràn, àmátọ̀ ni ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Níbí, ẹni tí kì í gbowó lórí rẹ̀ ni. ITU, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìgbì rédíò, ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé kí èèyàn fi kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, kó fi bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó fi wádìí ìmọ̀, láìwá èrè kankan. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọwọ́ NCC, àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ni a ti ń gbàwé àṣẹ, àwọn àmátọ̀ sì ní ẹgbẹ́ wọn tí ń jẹ́ NARS. Olúkúlùkù ní àmì ìpè tirẹ̀. Ti Nàìjíríà, 5N ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ti Benin, TY. Ti Tógò, 5V. Ti Gánà, 9G. Bí àmì bá ti jáde lójú kọ̀ǹpútà báyìí, ẹni tó wà ní Japan ti mọ ìlú tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Wáyà lásán ni ẹ́ríà Bàbá, ó ti orí òpó ọparun lọ sí ara igi ọ̀pẹ kan. Màmá, ìyàwó wọn, ti sá aṣọ sí i rí. Bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé rédíò náà, páànẹ́lì oòrùn kan lórí páànù ló sì ń bọ́ bátìrì. Kò sí òpó MTN nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí dẹ́tà. Ìgbì á gbéra lórí wáyà, á lọ sókè bíi kìlómítà 300, níbi tí ìtànṣán oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ di ohun tó ń gbé iná mànàmáná. Ibẹ̀ ló ti máa tẹ̀ padà wá sílẹ̀ ní ìlú ẹlòmíràn. Kì í ṣe ohun tuntun ní Ìbàdàn. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń fi ẹ̀rọ wọn ìpele òfuurufú yẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ ṣèwádìí nípa ilé ayé ní 1957 sí 1958, Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, nítorí pé a kò jìnnà sí ibi tí agbára òòfà ilé ayé ti dùbúlẹ̀ gbalaja. Ojú ọ̀run wa níbí ní ìwà tirẹ̀: bí oòrùn bá ti wọ̀, ìpele náà á wú sókè, á sì máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, ohùn á máa lọ, á máa bọ̀. Bàbá lè fi ọ̀rọ̀ yìí dá yín dúró títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Kí wá ni ti kọ̀ǹpútà? Bàbá kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. FT8 ni wọ́n ń lò, ọ̀nà ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ kan tí Joe Taylor àti Steve Franke gbé jáde ní 2017. Joe Taylor yìí kì í ṣe èèyàn kékeré. Ó wà lára àwọn méjì tó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 1993, ọdún méje lẹ́yìn tí Ṣóyínká gba ti lítíréṣọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tó kọ, WSJT-X, ń sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú di ohùn mẹ́jọ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń súfèé nísàlẹ̀ kànga. Rédíò á gbé ohùn yẹn jáde, kọ̀ǹpútà ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sì tú u padà sí ọ̀rọ̀. Ohun tó gbé Bàbá lọ́kàn níbẹ̀ ni pé ó lè tú ohùn tí ariwo fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún jù lọ. Etí èèyàn kò lè gbọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà ni etí.

Ètò yìí kì í sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ti tèmi, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ti tìẹ. Ohùn fúnra rẹ̀ ń gba 12.64 nínú 15 yẹn, èyí tó kù kò ju méjì lọ díẹ̀, inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti máa túmọ̀ gbogbo ohun tó gbọ́, tí Bàbá á sì ti yan ẹni tí wọn á dá lóhùn. Láptọ́ọ̀pù tí fáírọ́ọ̀sì ti kún inú rẹ̀ kò lè bá a mu. Ohun tí Bàbá ń sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: ó ń pẹ́ kó tó jíṣẹ́. Ogbó kọ́ ló ń dà wọ́n láàmú.

Mo gbé e lọ sílé wọn fúnra mi lọ́jọ́ kejì láti so ó pọ̀, Windows 10 tuntun ń dán lójú rẹ̀. Okùn kan wà láti rédíò tí kọ̀ǹpútà fi ń yí ìkànnì padà. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà 3 ni ojú ihò okùn náà ń jẹ́. Windows tuntun sọ ọ́ ní 7, ètò náà sì ń wá 3 kiri bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Ìyẹn gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Mo tún fi ibi tí a wà sí i. Àwọn àmátọ̀ ti pín gbogbo ayé sí àpótí-àpótí. Mo wo ti Ìbàdàn lórí fóònù mi, mo kọ JJ17. Bàbá na ìka sí i, wọ́n ní, "Ìbàdàn nìyẹn. Ìlà 4 orí máàpù ti kọjá kéèyàn tó dé Lálúpọn. JJ27 la wà níbí." Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Àṣé àwọn kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ti ń wá JJ27 láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó ku ohùn. Àpótí kékeré kan wà láàrin kọ̀ǹpútà àti rédíò, kò ju páálí gáláà kan lọ, òun ló ń gbé ohùn lọ gbé ohùn bọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn kọ̀ǹpútà ń jáde. Mo ní orin Sáhéèdì Òṣúpá kan lórí fúláàṣì mi, mo ṣí i. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ohùn sókè. Pin-drọ́ọ̀pù. Mo gbé e sókè pátápátá. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé iná pupa kan ti tàn lójú rédíò, abẹ́rẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń jó. Ó ń jó dáadáa o: bí ìlù bá dún, á fò, bí Sáhéèdì bá fa ohùn, á rọra mì. Mo ń wò ó pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, àfi bí Bàbá ṣe já wọlé láti ìta pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́, tí wọ́n sì já wáyà bátìrì kúrò lórí.

"O ń kọrin fún gbogbo ayé!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé, ojú sì ń tì mí láti ṣàlàyé rẹ̀. Windows tuntun rí àpótí yẹn, ó rò pé ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tuntun ni Bàbá rà, ó sì darí gbogbo ohùn kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Àpótí náà ní tirẹ̀ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀: bí ohùn bá ti wọlé láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, ó máa ń tẹ rédíò kó sọ̀rọ̀ síta. Kò mọ FT8 yàtọ̀ sí fújì. Bẹ́ẹ̀, orin kíkọ jẹ́ èèwọ̀ lórí rédíò àmátọ̀, ìwé àṣẹ èèyàn lè bá a lọ. Kì í ṣe orin nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí lónìí. Gbogbo dín-dọ̀n tí Windows ń dún nígbà tí a bá fi fúláàṣì sí i, gbogbo ìkìlọ̀ bátìrì, gbogbo rẹ̀ ni ì bá máa bọ́ sójú ọ̀run. Èèyàn gbọ́dọ̀ ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀: ti kọ̀ǹpútà sí ẹnu kọ̀ǹpútà, ti WSJT-X nìkan sínú àpótí.

Bàbá jókòó, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Bó bá tiẹ̀ ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà ni."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ìgbẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, nítorí Bàbá wá ṣí WSJT-X, wọ́n sì tẹ ibi tí wọ́n ti ń wo àkọsílẹ̀. Òfìfo ni. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n fi í padà.

"Ẹnjinía, níbo ni àwọn èèyàn mi wà?"

Láti 2018 ni kọ̀ǹpútà yẹn ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí Bàbá bá sọ̀rọ̀: àmì ìpè, ọjọ́, wákàtí, ìkànnì, bí ohùn ṣe lágbára tó. Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Fáìlì kan ṣoṣo ló kó gbogbo wọn sínú, wsjtx_log.adi ni orúkọ rẹ̀, kò sì wúwo tó fọ́tò kan ṣoṣo. Inú fódà tí wọ́n ń pè ní AppData ló ń gbé, fódà tí Windows fi pamọ́ kí ojú má baà rí i. N kò wo ibẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò wo ibẹ̀ rí. Bàbá ní àwọn kò ní fọ́tò, mo sì gbà pé ẹni tí kò ní fọ́tò kò ní nǹkan kan.

Ó tún ku ọ̀kan, èyí burú ju ti ìṣáájú lọ. Ní Newington, ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àmátọ̀ tí ń jẹ́ ARRL ní ìwé ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣí ní 2003 fún àwọn àmátọ̀ gbogbo ayé. Bí èmi bá ní mo bá ẹ sọ̀rọ̀, tí ìwọ náà ní o bá mi sọ̀rọ̀, tí àkókò tí a kọ sílẹ̀ kò sì fi ju 30 ìṣẹ́jú lọ sí ara wọn, wọ́n á fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni. Kí ẹlòmíràn má baà fi orúkọ Bàbá kọ̀wé síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kan wà tí kọ̀ǹpútà Bàbá fúnra rẹ̀ rọ. ARRL kàn fi òǹtẹ̀ lu àmì rẹ̀ ni, kọ́kọ́rọ́ gan-an kò kúrò nílé Bàbá rí, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí láti dà á kọ sórí fúláàṣì. Bọ́tìnì kan wà fún un. Mo ti sun kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ koríko.

A rí díẹ̀ gbà padà. Gbogbo èyí tí Bàbá ti fi ránṣẹ́ sí Newington ṣì wà níbẹ̀, mo sì gbà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí owó dẹ́tà, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti fi nǹkan ránṣẹ́ kẹ́yìn. Oṣù mẹ́jọ yẹn lọ. Tẹ́lẹ̀, inú ìwé olójú-líle ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pẹ̀lú bírò. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán: "Ṣebí mo ní kí ẹ má pa ìwé tì." Bàbá kò dá wọn lóhùn.

Kọ̀ǹpútà rọ kọ́kọ́rọ́ mìíràn, wọ́n kọ̀wé béèrè òǹtẹ̀ fún un, ó dé, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkọsílẹ̀ tuntun ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ẹnìkan tó bá wọn mu. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fi ìka hàn mí lójú kọ̀ǹpútà: ará Brazil kan, ọwọ́ ọ̀sán ni wọ́n bá a sọ̀rọ̀, aago mẹ́ta, bí àwọn ọmọ ṣe ń ti ilé ìwé dé. Kọ̀ǹpútà kọ 23:00.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń ṣe é. Bí Windows bá jẹ́ tuntun, aago Amẹ́ríkà, ti apá ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, ló sábà máa ń bá wá. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó wo fóònù, a ó fi ọwọ́ yí aago kọ̀ǹpútà sí tiwa, ó tán. Lójú, aago ti pé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣì gbà pé Kalifóníà lòun wà, ó ń rò pé aago mẹ́ta ọ̀sán Kalifóníà nìyẹn. Àwọn àmátọ̀ kì í sì kọ aago ìlú wọn sílẹ̀. Aago kan ni gbogbo ayé ń lò, UTC, tí tiwa fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago mẹ́ta Lálúpọn, 14:00 ló yẹ kó kọ. Láti Kalifóníà nínú oṣù kejì ọdún, ó ṣírò rẹ̀ sí 23:00. Wákàtí mẹ́sàn-án ló fi lé! Èyí tó jẹ́ kó pẹ́ kó tó hàn ni pé FT8 kò bìkítà fún wákàtí. Ìṣẹ́jú àáyá ló ń wò, mo sì ti fi ìyẹn sí ibi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ ń wọlé, ọ̀rọ̀ ń jáde, ará Brazil ń dáhùn, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Inú ìwé nìkan ni irọ́ wà. Mo jókòó sí yàrá yẹn lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ fi ro mí.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti yí ìbéèrè mi padà ní ṣọ́ọ̀bù. N kì í béèrè fọ́tò mọ́. Mo máa ń ní kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà jókòó, kó ṣe iṣẹ́ tó ń fi í ṣe lójú mi, láti ìgbà tó bá tàn án. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan láti Ejíòkú ní kò sí nǹkan kan lórí tirẹ̀. Ó ṣí i, ó wọ báǹkì ẹgbẹ́ wọn láì tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Mo ní, "Ẹ dákun, kí ni pásíwọ́ọ̀dù yẹn?" Kò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà nìkan ló mọ̀ ọ́n. Aládìyẹ kan ní Ẹgbẹ́dá ń kọ iye oúnjẹ adìyẹ àti iye ẹyin sínú ètò kan tí wọ́n ti fi sórí ẹ̀rọ náà kó tó rà á. Inú fódà ètò náà ni àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta wà, kò sí ní Documents. Ìgbà mìíràn, jíjókòó yìí máa ń gùn ju fọ́máàtì fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà mi kan ti sọ pé mo ti ń lọ́ra.

Ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Windows 11 kò sì gba ThinkPad 2012. Ó ti dàgbà jù fún un. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n má mú fúláàṣì wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí n mú ìwé àti bírò.

A fi odindi ọjọ́ kan kọ̀wé. Ohun tí Bàbá bá ṣí, a ó kọ ọ́ sílẹ̀: àmì ìpè, JJ27, irú rédíò, bí okùn ṣe ń yára tó, nọ́ńbà ojú ihò, ibi tí wọ́n yí ohùn dé, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà èékánná Màmá sàmì sí lára àpótí. Mo fi fóònù ya gbogbo ojú ewé ètò náà. Mo wọ AppData, mo kó odindi fódà WSJT-X, n kò mú fáìlì kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì fún kọ́kọ́rọ́ Newington, mo fi pásíwọ́ọ̀dù dè é, Bàbá kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sínú ìwé olójú-líle. Orí fúláàṣì méjì ni mo da gbogbo rẹ̀ kọ sí, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn, ọ̀kan lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà tèmi láti rí i pé wọ́n ń ṣí. Fúláàṣì tí a rà lábẹ́ bíríìjì ní Ìwó Road, ẹ má gbà á gbọ́ lásán.

Bàbá ló mú àbá tó dáa jù wá. Wọ́n ní kí la fẹ́ sun oko fún nígbà tí a lè ṣí oko tuntun? Ni a bá ra dísìkì tuntun, SSD kan. Mo tú láptọ́ọ̀pù, mo yọ dísìkì àtijọ́ jáde láì pa ohunkóhun rẹ́ lórí rẹ̀, Màmá fi àǹkárá wé e, wọ́n sì gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ wọn. Ohun tí a bá gbàgbé, ibẹ̀ ló wà.

Linux Mint ni mo fi sórí tuntun dípò Windows. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo fún ẹ̀rọ arúgbó. Ó tó bíi gígábáìtì 3. Òru ni mo gbà á wálẹ̀ ní Ìbàdàn, mo sì fi nọ́ńbà gígùn tí àwọn tó ṣe é kọ síta yẹ̀ ẹ́ wò pé kò já lójú ọ̀nà. Ìwà rere kan tó ní ni pé ó lè ṣiṣẹ́ láti orí fúláàṣì kí èèyàn tó gbé e kalẹ̀ pátápátá. A tàn án bẹ́ẹ̀, a fi okùn rédíò sí i, ó dá a mọ̀ láì béèrè ètò kankan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà náà ni mo tó gbé e sórí SSD. Ó yan aago Lagos fúnra rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. WSJT-X rí okùn, kò sì lè fọwọ́ kàn án. Mo yọ okùn, mo fi í padà, mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án, oòrùn ń lọ. Àṣé Linux kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irú ihò bẹ́ẹ̀ àfi ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ dialout, Bàbá kò sì tíì wọ ẹgbẹ́ nílé ara wọn. Mo fi orúkọ wọn síbẹ̀, mo jáde, mo tún wọlé, ó ṣí. Mo da fódà WSJT-X síbi tó yẹ. Bàbá tẹ ibi àkọsílẹ̀. Gbogbo èèyàn wọn jókòó síbẹ̀, láti 2018, yàtọ̀ sí oṣù mẹ́jọ tí mo jẹ.

Iná NEPA wà lọ́jọ́ náà, ariwo sì wà lórí rédíò: ṣájà olówó pọ́ọ́kú àwọn ará ilé, fíríìjì aládùúgbò, gbogbo wọn ló ń kùn wọnú ẹ́ríà. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ku ogún ìṣẹ́jú, wọ́n mú iná lọ. Gbogbo abúlé ní "Háà!" Bàbá nìkan ni wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ìgbà tí iná bá lọ ni rédíò máa ń gbọ́rọ̀ jù. Ariwo rọlẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá dá lórí páànù. Àmì ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í tò sójú kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Ítálì, Brazil, ará Japan kan nísàlẹ̀ pátápátá tí ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Bàbá ti bírò bọ ẹnu, wọ́n ṣí ìwé olójú-líle, wọ́n kọ 16:42.

Fóònù mi dún nínú àpò. Sáhéèdì Òṣúpá ni mo fi ṣe ohùn ìpè rẹ̀. Bàbá kò wo èmi. Ojú rédíò ni wọ́n kọ́kọ́ wò, níbi tí iná pupa yẹn wà. Kò tàn.